Kásẹ́ẹ̀tì Tí Rẹ̀mí Fi Kì Yín

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mi ò kọ lẹ́tà sí rí nígbà tí ẹ wà láyé,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Ọdún kejìdínlógún rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀wé kà, nítorí náà ẹ ò ní rí àṣìṣe inú lẹ́tà yìí. Ìyẹn nìkan ni ìtùnú mi lónìí.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún mi ní agogo ògiri kan tí kì í ṣiṣẹ́, wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ ìdágbére kan tí orúkọ tíṣà mìíràn wà nínú rẹ̀ níbi méjì. Okokomaiko ni mo ṣì ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀, létí ọ̀nà márosẹ̀. Fèrèsé mi ò ṣeé ṣí nítorí eruku. Rẹ̀mí wà ní pálọ̀, èmi wà ní yàrá, aṣọ ìkélé kan ló wà láàárín wa. Mi ò lè lọ fọ ojú láìkọjá níwájú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi fara pa mọ́ fún un nínú ilé ara mi, títí di àná.

Ẹ rántí Rẹ̀mí, ọmọ ogbó yín. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ẹ kú. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní ọmọ-ọmọ yín, ẹ kì í sì í bá wọn jiyàn. Ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn sí Àgbádárìgì, èmi ni mo tọ́ ọ. Bọ̀dá ló ń pè mí. Ó kọ́ṣẹ́ títún rédíò ṣe ní Alábà, ó yege, ó gba òmìnira, ó sì fi í sílẹ̀. Orin ló ń kọ báyìí, jùjú, tòun ti gìtá. Ó ti ṣe kásẹ́ẹ̀tì.

Bí mo bá sọ fún yín pé èmi ni mo ń ṣe àgbéyẹ̀wò orin ní àgbègbè yìí, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè dá orin àárọ̀ nílé ìwé kí àwọn ọmọ má wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn onílé ní Ìbà ń tẹ ìwé ìròyìn kékeré kan jáde lóṣooṣù, ojú ewé mẹ́rin, tí mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀ lórí pàǹtí. Ìkẹrin ni tèmi. Kò sẹ́ni tó gbà mí síṣẹ́. Mo kàn ní etí, mo sì ní àkókò.

Òfin tí mo ṣe fún ara mi kò pọ̀. Mo gbọ́dọ̀ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì láti ojú kan dé ojú kejì kí n tó mú gègé. Mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ níbi tí mo bá ti ń ṣa ẹ̀wà, nítorí orin tí kò bá dá ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀wà, kò yẹ kí n purọ́ pé ó mì mí. Lẹ́yìn náà ni màá jókòó tì í. Màá sọ ohun tí olórin ṣe ná, kí n tó sọ bóyá ó dára. Bí ibì kan bá kù díẹ̀ káàtó, màá tọ́ka síbẹ̀. N kì í wó ilé nítorí pé òrùlé ń jò. N kì í fi àwọn àgbà olórin na ọmọdé. Ohun èlò tí mi ò bá mọ orúkọ rẹ̀, mo máa ń pè é ní nǹkan kan tó ń dún bí òjò lórí páànù, àwọn òǹkàwé sì máa ń mọ èyí tí mò ń wí. Mi ò kọ ọ́ fún olórin, mi ò kọ ọ́ fún ẹni tó ń tà á. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ju kásẹ́ẹ̀tì kan lóṣù lọ ni mò ń kọ ọ́ fún. Òfin tó kẹ́yìn ló fẹ́ pa mí báyìí: ẹni tó ń ṣe àgbéyẹ̀wò gbọ́dọ̀ sọ ibi tí òun jókòó sí. Bí olórin bá jẹ́ àna rẹ̀, kó wí. Bó bá ti jẹun nílé rẹ̀ rí, kó wí.

Ọkùnrin ará Ṣàgámù kan ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Ìyànà Ìbà. Ó máa ń gé àgbéyẹ̀wò mi, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn á kà á, wọ́n á rà, tàbí kí wọ́n má rà. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó ti ya gbogbo ti tẹ́lẹ̀ kúrò, ó fi àyè òfìfo sílẹ̀ láàárín pátákó. Ó ní, “Tíṣà, ti àbúrò yín là ń dúró dè o. Ẹ má jẹ́ kó gùn jù, pátákó mi kéré.”

Akọ̀wé ẹgbẹ́, tó tún jẹ́ olóòtú wa, kò ràn mí lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí ò lè sọ pé òjò rọ̀, àfi kó ní òfuurufú tú ìṣúra rẹ̀ dà sórí ọmọ aráyé. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣe àgbéyẹ̀wò ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọjọ́ tí Ọlọ́run dá ayé ló ti bẹ̀rẹ̀, àyè sì tán kó tó kan orin. Ó ti tẹ àkọlé ti Rẹ̀mí sílẹ̀ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan: Ìràwọ̀ Tuntun Yọ Nílẹ̀ Ìbà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ ọ́ ná. Ó ní ìràwọ̀ kì í dúró de tíṣà.

Ojú kìíní kásẹ́ẹ̀tì náà dára, Bàbá. Gìtá ọmọ yẹn ń bá ohùn rẹ̀ rìn bí ẹni méjì tó jọ ti ọjà kan bọ̀. Ó kọrin nípa alájọgbélé tó ń fi omi ẹlòmíràn fọṣọ. Ó kọrin nípa ọ̀gá rẹ̀ ní Alábà, tó mọ rédíò tú ju bó ṣe mọ̀ ọ́n tò lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbàgbé ẹ̀wà. Ojú kejì ni wàhálà. Ẹ̀yin ló fi gbogbo rẹ̀ kì.

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ gbọ́ ara yín. Agbaṣẹ́ṣe ńlá ni yín nínú orin náà. Mọ́tò méjì lẹ ní, dúdú kan, funfun kan. Àwọn ìjòyè Ọ̀jọ́ àti àwọn ọ̀gá ológun Navy Town ń tò sẹ́nu ọ̀nà yín láti gba ìmọ̀ràn. Agbádá lẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ ò gbé ohun tó wúwo ju gègé lọ rí.

Ẹni tó bá ti ń gbọ́ orin bíi tèmi máa ń mọ ibi tí olórin ti ń kọ ohun tí kò rí. Ohùn á lọ sókè, ọ̀rọ̀ á pọ̀, a ò sì ní rí nǹkan kan tí a lè fọwọ́ kàn níbẹ̀. Bó bá ṣe ọmọ ẹlòmíràn ni, ìlà kan péré ni ǹ bá fi parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn, èmi ni mo pa á. Mọ́tò dúdú yẹn, èmi ni mo kùn ún.

Ọmọ ọdún méje ni Rẹ̀mí nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bú u pé kò ní bàbá. Ó sunkún wọlé. Mo lè sọ fún un pé ọ̀sà Ọ̀jọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wa yanrìn, pé ó ń di òpó mú wọ inú omi tòun ti korobá, tó ń bu yanrìn nísàlẹ̀, tó ń gbé e gòkè sínú ọkọ̀, láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo ní agbaṣẹ́ṣe ni. Ó bi mí pé ṣé ẹ ní mọ́tò. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, béèyàn bá ti fi irọ́ dáhùn ọ̀kan, òmíràn á ti dé.

Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí ọmọ náà ni. Ẹ̀yin mọ̀ pé kì í ṣe nítorí rẹ̀ nìkan. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá sílé ìwé tí mo ti ń kọ́ni, tí ṣòkòtò yín ṣì tutù, tí ẹ mú ẹja mẹ́ta lọ́wọ́ fún mi. Ọ̀gá àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó bi mí pé ta ni bàbá yẹn. Mo ní ẹni tó fẹ́ kó yanrìn wá fún wa ni. Ẹ gbọ́. Ẹ ò wo ojú mi. Ẹ kí ọ̀gá àgbà, ẹ sì béèrè jẹ́jẹ́ pé ibo ni kí ẹ da yanrìn náà sí. Ó fi ìdí ògiri hàn yín. Ẹja náà, ẹ gbé e padà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ kó yanrìn náà wá lóòótọ́, ẹ dà á síbẹ̀, àwọn ọmọ sì ń fò lórí rẹ̀ títí ọdún fi parí. Kí ló dé tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ bò mí láṣìírí ni, àbí ẹ fẹ́ kí n máa rí i lójoojúmọ́? A ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí.

Ẹ wá wo bí mo ṣe há. Bí mo bá yin orin náà, pátákó ará Ṣàgámù yóò gbé irọ́ mi dúró fún gbogbo ẹni tó ń wọ mọ́tò ní Ìyànà Ìbà. Bí mo bá ní irọ́ ni, Rẹ̀mí yóò bi mí bí mo ṣe mọ̀. Bí mo bá ní ara mi ò yá, Akọ̀wé yóò kọ ọ́ fúnra rẹ̀, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí Ọlọ́run dá ayé.

Lọ́sàn-án àná, Rẹ̀mí po tíì fún mi, ó sì tún fi ojú kejì sí i. Mo gbìyànjú láti gba ẹ̀gbẹ́ wọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní ohun tí olórin bá fojú ara rẹ̀ rí ló yẹ kó kọ, òun ò sì rí mọ́tò, kò rí ìjòyè. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ rí wọn. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Ta ni mo fẹ́ gbà gbọ́ jù yín lọ?”

Mi ò lè mu tíì náà tán.

Láàárọ̀ yìí mo kọ ọ́. Mo kọ pé ojú kìíní tó ohun tí èèyàn ń rà. Mo kọ pé ojú kejì ò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti olórin, ti ẹni tó pìtàn fún un ni, àti pé ẹni náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Mo kọ iṣẹ́ yín síbẹ̀. Mo kọ pé ẹ máa ń gbọn omi kúrò létí kí ẹ tó wọlé. Mo kọ pé bí ibà bá mú wa, ẹ̀yìn ọwọ́ lẹ máa ń fi kan iwájú orí wa, nítorí àtẹ́lẹwọ́ yín ti yi jù láti mọ̀ bóyá ara gbóná. Kò sí ìràwọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Mo ṣí aṣọ ìkélé, mo gbé e fún Rẹ̀mí kí Akọ̀wé tó rí i. Ó kà á, ó tún un kà. Mo dúró bí ọmọ tí wọ́n ń máàkì iṣẹ́ rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó ká bébà náà sí méjì, kò dá a padà fún mi, kò sì wojú mi.

“Báwo ni omi yẹn ṣe jìn tó?”

Ó bi mí bóyá ẹ máa ń lajú nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ó bi mí bí ẹ ṣe ń mọ̀ pé korobá ti kún nígbà tí omi ṣókùnkùn. Mi ò mọ ọ̀kan. Ẹ fi ọgbọ̀n ọdún wọ inú omi yẹn, èmi tí mò ń fi ìbéèrè jẹun, mi ò bi yín ní ẹyọ kan. Ó ní kí n má tíì gbé bébà náà fún ẹnikẹ́ni, pé òun ò ní sọ nǹkan kan lórí rẹ̀ títí n ó fi dá òun lóhùn. Kò pariwo. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń dúró.

Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bi, Bàbá. Báwo ló ṣe jìn tó?

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tí kò sì sọ ọ́ nígbà náà.