Ta Ni Yóò Dúró fún Mẹ́rì?

Mọ́ńdè, oṣù kẹwàá, 2003

Mi ò jẹ Mẹ́rì ní kọ́bọ̀, òun náà ò jẹ mí. Kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná, kí n má baà pe àánú ní gbèsè.

Láti ìgbà tí ogun ti lé e kúrò ní Làìbéríà, ṣọ́ọ̀bù mi ní Fádèyí ni òun àtọmọ ẹ̀ ń sùn. Ó dirun fáwọn èèyàn títí owó yàrá fi pé lọ́wọ́ ẹ̀. Lónìí mo mú un lọ bá Alhaji onílé wa ní Bàrígà, torí yàrá ẹ̀yìn tó ṣófo.

Alhaji ò wo owó náà. “Ta ni onígbọ̀wọ́ ẹ̀?”

“Èmi ni, Alhaji.”

“Ìyá Bọ́lá, ṣé o mọ ilé bàbá ẹ̀ ni? Amẹ́ríkà ló dá ìlú wọn sílẹ̀, kí Amẹ́ríkà gbà wọ́n. Sójà wa ti lọ kú síbẹ̀, ó tó.”

Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ta ìbọn fún wọn ni kó wá tẹ́ ẹní fún wọn. Ṣùgbọ́n onítọ̀hún ò gbé Bàrígà, ọmọ yẹn sì ń wúkọ́.

Mo rán Alhaji létí pé nígbà tí wọ́n lé wa ní Gánà, bàbá tó bí i ló gbà wá sí yàrá ẹ̀yìn yẹn gan-an. Kò béèrè onígbọ̀wọ́.

“Yorùbá ni yín. Ilé lẹ wá.”

“Kùmásì ni wọ́n bí mi sí, Alhaji. Mi ò tíì rí Bàrígà rí nígbà yẹn.”

Ó wá ní bí Mẹ́rì bá dá wàhálà sílẹ̀, èmi náà á kó jáde. Mo gbà. Mi ò tíì sọ fún Bàbá Bọ́lá.

Alhaji ní òun fẹ́ kọ́kọ́ bá àwọn àbúrò òun sọ ọ́ kí òun tó gbà á. Jímọ́ọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, màá lọ gbọ́ èsì.