Ohun tí Kareemat Sọ Lójú Fèrèsé

Olóòtú ètò, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọdún yìí ni Kareemat ọ̀rẹ́ mi ìbá jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa nítòsí Ìkẹ́nnẹ́. Àrùn onígbáméjì dé, wọ́n ní ká máa lọ sílé, àmọ́ ó ti ràn án. Ojú fèrèsé yàrá ìtọ́jú ni mo ti lọ dágbére fún un.

Ó ní, "Má ránṣẹ́ sí màmá mi o. Wọ́n á dì mọ́ mi, á sì ràn wọ́n."

Mo ṣèlérí. Ó kú lọ́jọ́ kejì.

Màmá rẹ̀, tó ń ta obì ní Ṣàgámù, máa ń bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí?" Ẹkún ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ pé ọmọ wọn ló ní ká má pè wọ́n?