Ta Ni Yóò Jókòó Sẹ́yìn?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù Kẹta

Mo ti pinnu. Màá ra alùpùpù yìnyín, irú èyí tí rọ́bà eléyín ń yí lábẹ́ rẹ̀ dípò táyà. Tèmi. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé ni mí, mi ò sì ní ọ̀kan rí. Ẹ̀yìn ọkọ mi ni mo máa ń jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Ògiri nínú ìwé yìí, torí òun ló ń bá mi gba atẹ́gùn láti ìgbà tí a ti fẹ́ra.

Ní oṣù Kìíní, ó gbé alùpùpù wa kọlu igi tí Elle aládùúgbò wa ń sá ẹja sí. Orí ẹja dà lé e lórí. Ó ní igi náà kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Dókítà ní ìlú Alta yẹ ojú rẹ̀ wò, ó ní kò gbọdọ̀ wa ohunkóhun mọ́. Alùpùpù náà sì ti fọ́ kọjá àtúnṣe. Láti ọjọ́ náà, ojú fèrèsé ló ń jókòó sí, kọfí á tutù níwájú rẹ̀. Gbogbo ọdún Àjíǹde la máa ń lọ sí ahéré wa ní adágún Guollejávri láti pẹja lábẹ́ yìnyín. Bí kò bá lọ lọ́dún yìí, ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní dìde nídìí fèrèsé yẹn mọ́.

Mo sọ fún un nígbà tí a ń jẹun. Ó ní, ta ló máa wà á? Èmi ni. Ta ló máa wá jókòó sẹ́yìn? Mo bu ọbẹ̀ kún àwo rẹ̀. Ó ní òun ò jókòó sẹ́yìn ẹnikẹ́ni rí, òun ò wá ní jẹ́ ẹni tó ń dijú bíi tèmi tí ọkọ̀ bá fẹ́ yà. Irọ́ ni. Ojú kan ṣoṣo ni mo máa ń dì.

Ọjọ́ Ajé, 4

Sire àbúrò mi wá. Ó ti ń wa alùpùpù láti kékeré, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ra àlòkù. Má wo ọ̀dà ara rẹ̀. Kí o tó kí ẹni tó ń tà á tán, fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Bó bá tutù, ó dáa. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, onítọ̀hún ti tan án sílẹ̀ kó o tó dé, kó o má baà rí agídí tó ń ṣe ní òtútù. Bẹ̀rẹ̀, wo abẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀. Wo eyín rọ́bà tó ń yí lábẹ́.

"Ẹnu yín náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi pa á mọ́." Mo bi í pé kí nìdí. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tóun ti mọ̀ mí.

Ọjọ́rú, 6

Alùpùpù tíṣà iléèwé wa la kọ́kọ́ lọ wò. Ó pupa bí iná, ó ń dán. Mo ti ń fojú inú rí ara mi lórí rẹ̀, tí Elle ń yọjú lójú fèrèsé. Sire gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnì: "Tíṣà, ṣé ibà ló ń ṣe é ni?" Tíṣà ní òun kàn fi lọ sí ilé ìtajà ni. Ilé ìtajà yẹn rèé — mo lè ju bàtà bá a láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. A mu kọfí rẹ̀, a jẹ búrẹ́dì rẹ̀, a dúró títí ẹ́ńjìnì fi tutù. Ó wá fa okùn tí wọ́n fi ń tan án. Ó fà á. Ó bọ́ kóòtù, ó tún fà á, kò tan. A kí i pé ó kú iṣẹ́, a sì bá tiwa lọ.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo ṣì ń ro ti pupa yẹn. Mi ò ní sọ fún Sire.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

A lọ sọ́dọ̀ Jovnna tó ń da àgbọ̀nrín, ẹran ọ̀sìn ilẹ̀ wa níbí. Alùpùpù rẹ̀ burẹ́wà. Wọ́n fi téèpù lẹ àga rẹ̀, gíláàsì iwájú ti sán. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tutù bí òkúta, ó sì dáhùn ní fífà kejì. Abẹ́ rẹ̀ mọ́, eyín rọ́bà rẹ̀ pé. Sire ń mi orí sí mi pé ó dáa. Ó kù kí n dákẹ́.

N kò dákẹ́. Mo fẹ́ mọ bí ẹrù tó ń fà ṣe wúwo tó, mo wá ní: "Jovnna, àgbọ̀nrín mélòó lo tiẹ̀ ní tó o ń fi í dà?"

Èmi tí wọ́n bí síbí! Ọmọ ọdún mẹ́ta níbí mọ̀ pé a kì í béèrè iye ẹran tí ẹnìkan ń sìn, bí a kì í ti í bá èèyàn tú àpò rẹ̀ wò. Ìyàwó Jovnna gbé ìkòkò kọfí tó gbé síta fún wa wọlé padà. Jovnna fi tapólì bo alùpùpù rẹ̀ padà, ó rọra fèsì bí àwọn àgbà ṣe ń fèsì tí wọn kò bá fẹ́ sọ iye: "Wọ́n wà lápá ọ̀tún igi, Màmá, wọ́n sì wà lápá òsì." Sire fà mí lápá kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Sire ti ròyìn fún Ògiri. Ó rẹ́rìn-ín. Láti oṣù Kìíní, àkọ́kọ́ nìyí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Ìyá Láilá, o ò ṣe kúkú bi í pé èló ló wà ní báńkì?" Mo ṣe bí ẹni tó ń bínú. Inú mi dùn.

Nígbà tó yá, ó ní báwo ni ẹ́ńjìnì náà ṣe ń dún. Mo fi ẹnu ṣe é fún un. Ó ní kí n tún un ṣe. Ó ní ṣé ó máa ń wúkọ́ kó tó kú? Mo ní rárá. Ó ní, "Gbé mi lọ síbẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Èmi àti Ògiri padà sọ́dọ̀ Jovnna, a kò tọrọ àforíjì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. A jókòó. A sọ̀rọ̀ òtútù, a sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, títí ìyàwó Jovnna fi gbé kọfí padà wá. Ògiri wá jáde, ó gbé ọwọ́ lé alùpùpù náà, ó tẹ́tí sí i pẹ́. Ó ní, "Èyí ló máa sin òkú àwa méjèèjì."

Jovnna yíjú sí mi: "Màmá, ẹja mélòó lẹ máa ń pa ní Guollejávri yẹn gan-an?" Mo ní wọ́n wà lápá ọ̀tún ihò yìnyín, wọ́n sì wà lápá òsì. Ó tà á fún mi.

Ọjọ́ Ajé, 18

Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Mo ti wà á wọ inú òkìtì yìnyín Elle lẹ́ẹ̀mejì. Elle ti kó igi ẹja rẹ̀ wọlé.

Ọjọ́rú, 20

Ògiri jáde sí gbangba, ó ń pariwo: "Fara tẹ̀ síbi tó ń yà sí!" Kò rí mi, ìró ló fi ń mọ ohun tí mò ń ṣe. Tí mo bá wá béèrè bóyá yóò tẹ̀ lé mi, á ní òun ń ronú.

Ọjọ́bọ̀, 28 — ahéré, Guollejávri

Ó wá. Mo kàn rí i tó ti múra, tó gun orí pákó ẹrù tí alùpùpù ń fà lẹ́yìn, láàárín ìkòkò àti ajá wa, tó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó ní òun ń ṣọ́ ẹrù.

A dúró mu kọfí kí a tó bọ́ sórí adágún. Ó béèrè bóyá mo ń rí àwọn ọ̀pá tí wọ́n fi sàmì sí ọ̀nà. Mo ní mo ń rí wọn títí dé òdìkejì. Ó wá ní òun kò rí ẹyọ kan. Mo ní mo mọ̀, dókítà ti sọ. Ó ní, "Lọ́dún tó kọjá ni mò ń wí."

Lọ́dún tó kọjá. Ìró àti ìrántí ló fi gbé mi sọdá, lọ àti bọ̀. Ibi tí odò ti ń wọ inú adágún, tí yìnyín ti fẹ́lẹ́, kò jìnnà sí ọ̀nà yẹn. Èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀, mò ń kọrin. Ó ní bóun bá sọ ọ́, a ò ní wá mọ́ láé.

Mo da kọfí mi nù. Mo pè é ní òpònú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹrù, kó wá jókòó sẹ́yìn mi. Ó wá, ó dì mí mú débi pé mi ò lè mí dáadáa. Mò ń ké ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sí i létí bí a ṣe ń kọjá wọn. Ohùn mi ti há kí a tó dé òdìkejì.

Ó ti sùn báyìí. Inú ṣì ń bí mi. Lọ́la, bí a bá jókòó ti ihò ẹja, màá bi í léèrè àwọn nǹkan mìíràn tí kò tíì sọ fún mi.