Àwòrán tí Kẹ́hìndé Ya Ara Rẹ̀: Èmi ni kí Ẹ Bá Wí

Ojúlé 14, Òpópónà Ìlò-Awẹ́là,
Ṣàngó-Ọ̀tà.
18 Oṣù Kẹsàn-án, 1989.

Alága,
Ẹgbẹ́ Ayafọ́tò Ìrẹ̀pọ̀,
Ẹ̀gbẹ́ Tọ́ọ̀géètì,
Ṣàngó-Ọ̀tà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÌWÉ-Ẹ̀RÍ KẸ́HÌNDÉ ÒGÚNLẸ́YẸ

1. Mo purọ́ níwájú yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná kí n tó kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ o.

2. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, Ọ̀gá Mùkáílà, tó kọ́ ọmọbìnrin mi Kẹ́hìndé níṣẹ́, ní ọmọ náà ń ṣí ṣọ́ọ̀bù òun lọ́jọ́ Ìsinmi láti ya ara rẹ̀, ó ń fi fíìmù ṣòfò nígbà Sáàpù yìí tí gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Ẹ bi mí bóyá mo mọ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ọmọ náà wò mí. Ẹ dá ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dúró.

3. Èmi ni mo rán an. Táyé, ìkejì rẹ̀, kú lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ọ̀la ọ̀la ni mo ń fi fọ́tò rẹ̀ sí, títí ó fi lọ. Ẹ̀yin náà ń ṣe é: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ẹ ó ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sínú fọ́tò kan. Ojú tì mí láti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, kí ó má baà bi mí ìdí tí n kò fi ya Táyé láàyè.

4. Kẹ́hìndé fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, ó ya ara rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó pààrọ̀ aṣọ, ó bo ìdajì kejì, ó jókòó sápá òsì, ó tún ya ara rẹ̀ sórí fíìmù kan náà. Nígbà tó gbé e wá, mo ní ojú Táyé kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó padà lọ. Mo tún ní Táyé kì í wo èèyàn tààrà. Ọjọ́ Ìsinmi méje! Èmi ni mo jẹ fíìmù yẹn.

5. Èyí tó kẹ́yìn, tí Ọ̀gá Mùkáílà gbé wá sí ìpàdé, wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un wò. Ọ̀kan ń wo yín. Èkejì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, bí Táyé ti máa ń ṣe gan-an. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn kámẹ́rà, òun nìkan ló jókòó síbẹ̀ tó fi di ẹni méjì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́, ṣé eré nìyẹn àbí iṣẹ́ ọnà?

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún un ní ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. N ó wá jẹ́wọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìjù, ó ń to ìgò ní ilé-iṣẹ́ kan. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n kò wojú mi mọ́. Ẹ tètè fèsì. N kò fẹ́ lọ bẹ ọmọ mi lọ́wọ́ òfo.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ìtìjú,
Ẹfúnróyè Ògúnlẹ́yẹ (Ìyáàfin),
Ìyá Ìbejì.