Sùtánà Lórí Kẹ̀kẹ́

Bàbá Moṣọpẹ́,

Mo ti lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò jí yín, torí àríyànjiyàn yín kì í tán, bọ́ọ̀sì ò sì ní dúró dè mí.

Mi ò rí oorun sùn. Sọ́ńdè tó kọjá ni mo ń rò. Ẹ wọ sùtánà nílé, ẹ ní ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà, lẹ bá fi ẹsẹ̀ lásán gun kẹ̀kẹ́ nínú yìnyín dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Creekmouth. Nígbà tẹ́ ẹ délé, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ẹ ò sì mọ̀ pé ó ń jó yín àfìgbà tí mo kígbe. Ṣé wòlíì ló ní kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ ṣe ọrẹ ni?

Sọ́ọ̀kì onírun àgùntàn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má wọ méjì lé ara wọn o. Bàtà á fún, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ọmọ ìka. Náílọ́nù ni kẹ́ ẹ fi wé sọ́ọ̀kì náà kẹ́ ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, kí atẹ́gùn má bàa wọlé.

Ẹ má wá sùtánà yín kiri. Ó wà nínú báàgì mi. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, tẹ́ ẹ bọ́ bàtà, màá gbé e fún yín.

Ẹ tètè máa bọ̀. Mi ò ní lè ṣe àmín sí àdúrà kankan títí màá fi rí bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà.

Magdalene