Ẹ Ka Òní Mọ́ Ọn

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ojú lọ́nà. Èmi ọmọ yín dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Okokomáíkò. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí Àǹtí mi àti ọmọ tuntun. Mo kí Tíṣà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí sí yín létí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rọra kà á, kí àwọn tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè gbọ́. Ìdí tí n kò fi fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀, tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ni pé ọ̀rọ̀ tó gbé e wá ti di ti gbogbo ìlú. Mo gbọ́ pé ẹnì kan délé wá sọ pé ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ní dé Èkó, kò mọ ọjọ́ ọjà mọ́. Wọ́n ní ńṣe ni ẹ kàn ń ká ẹní yín lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Iṣẹ́ ń lọ. Àpótí sípíkà la ń kàn fún àwọn oníṣòwò Alábà. Ti èmi ni kí n máa fi sáńpépà ha igi títí yóò fi dán. Òjò ọdún yìí pọ̀. Ọ̀nà àdúgbò wa di odò, ọwọ́ ni mo sì ń gbé bàtà mi sí, kó má baà tètè gbó. Yàrá mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ilé tí mò ń gbé, síbẹ̀ ọjọ́ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò ní pe orúkọ mi.

Ìwé kan ló bá mi ṣe ọ̀rẹ́. Ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn ni, tí wọ́n ń tà ní Ìyànà-Ìbá. Èyí tí èèpo rẹ̀ ti ya ni mo rà, náírà méje ààbọ̀. Ìbéèrè ọ̀ọ́dúnrún ló wà nínú rẹ̀: kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀ ni mo ra ìbéèrè kan, mo sì gba ìdáhùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo bá ń ha igi, tí eruku rẹ̀ bo ojú mi, àwọn ìbéèrè náà á máa jáde wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ mélòó ni aláǹtakùn ní? Mẹ́jọ. Màá rí i tí yóò máa fi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rìn kọjá nínú eruku wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ náà, bí ẹni ń rìn lórí àwọsánmà. Egungun mélòó ló wà lára àgbàlagbà? Igba ó lé mẹ́fà. Màá bẹ̀rẹ̀ sí í ka tèmi láti ọmọ ìka, n kì í ka dé èjìká kí ọkàn mi tó lọ sílé. Ẹranko wo ló ń sùn lórí ìdúró? Ẹṣin. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n kọ orúkọ mi tì í.

Ìjọ wa aláṣọ funfun ní Ìbá ṣe ìdíje ìbéèrè fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀bùn rẹ̀ ni owó ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún ọdún kan gbáko. Màámi, ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà tí mo fi dúró. Mo ti rí ara mi nínú kíláàsì ọ̀hún; mo tiẹ̀ ti mọ fèrèsé tí n óò jókòó tì.

Nígbà tó yá, ó ku èmi àti ọmọbìnrin kan láti Nefi Táùn tó ti parí sẹ́kọ́ńdìrì. Máàkì wa dọ́gba. Bùọ̀dá tó ń bi wá ní ìbéèrè wá ka èyí tó kẹ́yìn: wọ́n ń ná ọjà kan ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, wọ́n ná an lónìí, Sátidé, ọjọ́ wo ni wọ́n tún máa ná an?

Mo mọ ìdáhùn tí wọ́n ń retí. Ìbéèrè yẹn wà lára ọ̀ọ́dúnrún mi, Tọ́sìdé ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìwé. Ẹnu mi ti ń là. Àfi bí òórùn koríko ẹní ṣe dé, tí mo sì rí ọwọ́ yín, ọwọ́ tí ẹ fi ń ká ìka mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ ká àtàǹpàkò, ẹ ní òní nìyí, òní ni èkíní. Sátidé, Sọ́ńdè, Mọ́ńdè, Túsìdé, Wẹ́sìdé. Ìka pé, ọjà pé. Mo ní Wẹ́sìdé.

Bùọ̀dá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní mo ṣì í. Ọmọbìnrin náà ní Tọ́sìdé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan lẹ́yìn ní kí n padà sídìí pákó mi. Ni màmá àgbà kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ìjànìkín bá dìde, ó bi Bùọ̀dá léèrè pé ọjà wo ló ti ná rí láyé rẹ̀. Ó ní bí òun bá gbé ẹja lọ lọ́jọ́ tí ìwé yẹn wí, ewúrẹ́ nìkan ni yóò bá òun ná an. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá náà rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá kò purọ́, ṣùgbọ́n ìwé ni adájọ́ òun. Ó gbé àpòòwé fún ọmọbìnrin náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Màámi, n kò gbàgbé ọjọ́ ọjà. Òun gan-an ni mo rántí.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò sá lọ. Mo ti ṣírò rẹ̀: bí mo bá ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà iṣẹ́, owó ọkọ̀ oṣù mẹ́wàá yóò tó sáà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ wá kí yín ná. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Dìsẹ́ńbà bọ́ sí ọjọ́ ọjà yín. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ni mo ti ń kà á bọ̀. Ìtàdógún rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ kẹtàdínlógún tó tún jẹ́ ọjọ́ ọjà, ni mo máa dé, ọjọ́ Mọ́ńdè. Ìdí àtẹ ẹní yín ni mo máa gbà wọlé.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a fi ẹkún pàdé. Kí ọjà yín máa tà, kí ẹsẹ̀ yín má ro yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ kí ẹni tó gbé ìròyìn náà wálé pẹ̀lú. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bírò ṣírò ọjọ́ náà fún wọn. Màámi, ìka ni kí ẹ fi kà á, kí ẹ sì ka Sátidé yẹn mọ́ ọn. Ẹni tó bá kà á bíi ti ìwé yóò dé lọ́jọ́ kejì, yóò bá ewúrẹ́ lórí àtẹ. Èmi àti ẹ̀yin yóò ti ká ẹní lọ sílé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àlàní