Ìwé Tó So Ẹ̀pà Sórí Ẹ̀ka

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
                                        Igando,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        17 Oṣù Keje, 2024.

Abdulganiyy, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàláámù aláékùm. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé ọ dé oko? Ìyá Ganiyat ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Àwọn ọmọ Ganiyat tí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ sinmi? Mo gbọ́ pé àgbàdo ti gbó lọ́dọ̀ yín. Ní tiwa, ojoojúmọ́ lòjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ ò sì jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ wọ àdúgbò wa mọ́. Ṣùgbọ́n ara mi le, mo dúpẹ́. Mọ̀dínátù ọmọ mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kò gbọdọ̀ bá mi tún un ṣe.

O bi mí lórí fóònù irú ìwé aláwòrán tó yẹ kí o rà fún àwọn ọmọ Ganiyat. Mo mọ̀ pé ò ń rẹ́rìn-ín nínú, pé èmi tí n kò dé ilé ìwé rí ni o ń bi. Má rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ́gbọ́n, n ó sì sọ bí mo ṣe kọ́ ọ.

O mọ Zulaihat, ọmọ Mọ̀dínátù, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ní oṣù Karùn-ún, Súmbọ̀ tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pè wá. Ó ní ọmọ náà ò lè ka ìlà kan ṣoṣo, àti pé bí kò bá mọ̀ ọ́n kà kí sáà yìí tó parí, yóò tún kíláàsì kan náà ṣe. Ó ní bó bá lè ka Yorùbá, ti Gẹ̀ẹ́sì kò ní í pẹ́ tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé ìwé síwájú ọmọ yìí, ẹkún ló ń sun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní olódo. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ìwọ náà rántí bí bàbá mi ṣe ní oko ni ilé ìwé tèmi. Mi ò fẹ́ irú rẹ̀ fún ọmọ yìí.

Mo bá gba Ìkọ̀tún lọ, sọ́dọ̀ Olúwagbénga tó ń pàtẹ ìwé ọmọdé nítòsí ọjà. Ó kọ́kọ́ na ìwé ìtàn kan sí mi, ti ewúrẹ́ kan tó fẹ́ ra bàtà. Mo ní kó gbé e padà. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni Zulaihat ń kàwé, nígbà tó bá ti ilé ìwé dé.

Ó ní, "Bàbá, ìwé mà ni, kì í ṣe àlọ́."

Mo ní, "Ewúrẹ́ tó ń ra bàtà? Bí ìyẹn ò bá jẹ́ àlọ́, ṣé ìròyìn ni?"

Àwọn tó dúró níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ohun tó jẹ́ òtítọ́ ni kó fún mi. Ó mú ìwé kan lórí ohun ọ̀gbìn wá. Mo rí ebè tó gún régé lára èèpo rẹ̀, inú mi dùn, mi ò tilẹ̀ ṣí inú rẹ̀ wò kí n tó rà á.

Nígbà tí mo délé, èmi àti Zulaihat jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mò ń ṣí ìwé, mò ń sọ ohun tí mo rí: iṣu rèé, ẹ̀gẹ́ rèé, àgbàdo tó yọ irùkẹ̀rẹ̀ rèé. Ọmọ ń wo àwòrán, kò wo ọ̀rọ̀ kankan. Bí mo ṣe ṣí ojú ewé tó tẹ̀lé e, kí ni mo rí? Ẹ̀pà ni wọ́n yà tó so jìngbìnnì sórí ẹ̀ka bí ọsàn! Mo pariwo, "Irọ́!" Mọ̀dínátù sáré jáde láti ilé ìdáná, ó rò pé ejò ni mo rí.

Zulaihat la ojú sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ìwé máa ń purọ́ ni?"

Mo ní ẹni tó ya èyí kò fa ẹ̀pà tu rí láyé rẹ̀. Ó ní, "Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ wá ńkọ́? Ṣé irọ́ ni òun náà?"

Mo ní mi ò mọ̀, mi ò lè kà á. Ó wò mí títí, ó wá fi ìka sábẹ́ ìlà náà. Ó ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń laagun, ó ń padà sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó gbé e jáde: "Inú ilẹ̀ ni ẹ̀pà ti ń so." Ló bá fò sókè. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ò purọ́ o! Àwòrán ló purọ́!"

Ìlà àkọ́kọ́ tí ọmọ yìí máa kà tán nìyẹn. Èmi tí mò ń pariwo òtítọ́ ni mo ra irọ́ wálé, ọmọ tí wọ́n ní kò mọ̀wé ló bá mi yọ òtítọ́ inú rẹ̀ jáde. Ọwọ́ àgbàlagbà ò wọ kèrègbè lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ka gbogbo ìwé yẹn láti fi mú un nírọ́. Bó bá ka ìlà kan, á ní, "Bàbá, ṣé bó ṣe rí nìyí?" Nígbà tó kà á tán, ó ní òun fẹ́ òmíràn.

Mo bá padà sí Ìkọ̀tún. Bí Olúwagbénga ṣe rí mi, ó ní, "Bàbá, ewúrẹ́ yín ṣì ń wá bàtà o." Mo rọra ṣí ìwé náà lọ́tẹ̀ yìí, ojú ewé kan tẹ̀ lé èkejì. Oníbàtà kó bàtà méjì sílẹ̀, ewúrẹ́ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì hàn án. Èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín níbi tí mo dúró. Mo rà á. Ṣùgbọ́n mi ò yí ohùn padà: a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Nígbà tí Mọ̀dínátù bẹ̀ mí títí, tí mi ò gbà, ó fa kọ́tìn, ó ti ilẹ̀kùn, ó tan iná. Ó ní, "Bàbá, ilẹ̀ ti ṣú." Mo ní bó bá ti ṣú, kí ọmọ máa kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á nínú ooru yẹn. (Mọ̀dínátù ní kí n yọ èyí kúrò, mo ní kó kọ ọ́.)

Nítorí náà, méjèèjì ni kí o rà, ti òtítọ́ àti ti ìtàn. Ti òtítọ́, ṣí gbogbo ojú ewé rẹ̀, kí o fi ohun tí ọwọ́ rẹ ti ṣe rí wọ̀n ọ́n. Ti ìtàn, bí o bá lè fi àwòrán nìkan sọ ọ́ láìka ọ̀rọ̀, ọmọ á lè bá a lọ. Kí ọ̀rọ̀ má pọ̀ lójú ewé. Kí o sì fi ìwé sílẹ̀ fún ọmọ, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni Súmbọ̀ dán Zulaihat wò, pẹ̀lú ìwé tí kò rí rí. Mo lọ dúró dè é lẹ́nu géètì. Gbogbo àwọn ọmọ ti sáré jáde, tèmi ò tíì yọjú. Nígbà tó yọ, ńṣe ló ń rìn díẹ̀díẹ̀, tó ń dúró, tó tún ń rìn. Mo ní wọ́n ti dá a dúró nìyẹn. Súmbọ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Bàbá, ó ti bọ́ sí kíláàsì kejì." Mo ní kí ló wá ń ṣe é tí kò fi yá ẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí i. Àṣé gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ilé ìwé náà ni ọmọ ń kà bọ̀.

Bá mi kí Ìyá Ganiyat àti gbogbo ará ilé. Kí àwọn tí a jọ ń jókòó ní mọ́sálásí fún mi, má sì gbàgbé láti máa tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ara wa láyọ̀.

Èmi tìrẹ tí kì í gbọ́ràn,

Nùrẹ́nì, ọmọ àgbẹ̀.